Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ béèrè ìrànwọ́ Access to Work

Ẹ̀yin oníléeṣẹ́ kékeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Wales, bí ẹ bá fẹ́ gba ẹni tó ní ìpèníjà ara sí iṣẹ́, ẹ má ṣe fi àkókò ṣòfò lórí fọ́ọ̀mù Access to Work, ètò ìjọba tó ń sanwó ìrànwọ́ lẹ́nu iṣẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ náà ni ìjọba fẹ́ kí ó béèrè fún un, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó wọṣẹ́ rárá. Owó náà wà fún irinṣẹ́ àkànṣe, ògbufọ̀ èdè adití, tàbí ọkọ̀ ẹni tí kò lè wọ ọkọ̀ èrò. Iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50 kì í dá nínú owó irinṣẹ́ ọ̀hún. Àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ wọṣẹ́, torí bí ó bá béèrè lẹ́yìn rẹ̀ ni a lè ní kí wọ́n dá sí i. Ẹ má sì ra ohunkóhun kí lẹ́tà ìfọwọ́sí tó dé (ìkánjú níbí a máa náni lówó), nítorí owó ohun tí a ti rà ṣáájú kì í sábà padà wá. Ṣùgbọ́n ètò yìí kò gba ojúṣe tí òfin ìdọ́gba, Equality Act ti ọdún 2010, gbé ka agbanisíṣẹ́ lórí kúrò: owó àtúnṣe tó bá mọ́gbọ́n dání níbi iṣẹ́, àpò tiyín ni yóò ti jáde.