Àwọn Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi Iṣan Alààyè Ṣe Róbọ́ọ̀tì

Àṣìṣe tí ó ń bí ọ̀pọ̀ àṣìṣe yòókù nínú iṣẹ́ yìí ni kí ènìyàn máa fi ojú ẹ́ńjìnnì wo iṣan alààyè, kí ó ya àwòrán róbọ́ọ̀tì rẹ̀ tán kí ó tó bèèrè ohun tí sẹ́ẹ̀lì yóò máa jẹ àti bí yóò ṣe máa mí.

Ẹ má ṣe tìtorí agbára mú kí iṣan nípọn jù. Nínú ara, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ni ó ń gbé ọ́síjìn dé ìtòsí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Iṣan tí a tọ́ dàgbà nínú àwo kò ní irú òpó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ́síjìn ní láti rọra wọ inú rẹ̀ láti òde, kì í sì í sábà wọlé ju nǹkan bí mìlímítà 0.2 lọ. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá jìn ju ibẹ̀ lọ yóò kú, bẹ́ẹ̀ ni ojú òde yóò ṣì máa fún, tí yóò sì máa tú, tí ẹnikẹ́ni kò ní fura. Ìdí nìyí tí ó fi wù mí bí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Harvard ṣe ṣe róbọ́ọ̀tì wọn tí ó rí bí ẹja pẹlẹbẹ ní ọdún 2016: nǹkan bí sẹ́ẹ̀lì ọkàn eku 200,000 ni wọ́n tẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sórí egungun wúrà àti rọ́bà rírọ̀, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi ń darí rẹ̀.

Ẹ má ṣe yan sẹ́ẹ̀lì láìwo ìwà rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ọkàn a máa lù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan tí ó so mọ́ egungun ń dúró de àṣẹ, òun ni ó sì yẹ fún róbọ́ọ̀tì tí a fẹ́ kí ó lè dúró jẹ́ẹ́. Bí iná mànàmáná ni a ó bá fi pàṣẹ fún un, kí ó má pọ̀ jù, nítorí iná tí ó pọ̀ jù a máa sọ omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì di afẹ́fẹ́ àti oró.

Àṣìṣe mìíràn ni fífi iṣan kan ṣoṣo sí apá kan egungun róbọ́ọ̀tì. Bí iṣan bẹ́ẹ̀ ṣe ń dàgbà ni ó ń súnkì, títí yóò fi tẹ egungun náà tàbí kí òun fúnra rẹ̀ já. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Tokyo so iṣan méjì ní ìdojúkọ ara wọn, ọ̀kan ń fà síhìn-ín, èkejì ń fà sọ́hùn-ún, iṣan náà sì ṣiṣẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Róbọ́ọ̀tì ẹja tí Yunifásítì Harvard àti Yunifásítì Emory fi sẹ́ẹ̀lì ọkàn ènìyàn ṣe ní ọdún 2022 náà ní iṣan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì lúwẹ̀ẹ́ ju ọjọ́ 100 lọ.

Ẹ má sì ṣe fi àwọn Xenobot ọdún 2020, ìyẹn àwọn róbọ́ọ̀tì kéékèèké tí a fi sẹ́ẹ̀lì alààyè nìkan ṣe, ṣe ẹ̀rí pé sẹ́ẹ̀lì lè gbé láìsí ìtọ́jú. Inú ọlẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni sẹ́ẹ̀lì wọn ti wá, oúnjẹ tí wọ́n gbé láti inú ẹyin ni wọ́n ń jẹ, ara wọn kò sì kọ omi tútù. Sẹ́ẹ̀lì eku tàbí ti ènìyàn ń fẹ́ omi aṣaralóore tí ó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí a ń pààrọ̀ déédéé, tí kòkòrò kankan kò sì sí nínú rẹ̀.