Bí ẹ ṣe lè yan ohun tí ẹ ó fi múra àkàyé MCAT

Àwọn ọmọ Yorùbá tí mo máa ń bá kàwé ní Houston níbí, tí wọ́n fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kì í bẹ̀rù kẹ́mísìrì. CARS, apá àkàyé nínú MCAT tí í ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ náà, ni òógùn ń tìtorí ẹ̀ bò wọ́n: àyọkà 9, ìbéèrè 53, ìṣẹ́jú 90 péré. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ọgbọ́n orí, iṣẹ́ ọnà, ìtàn àti ètò ọrọ̀ ajé ló máa ń wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ sórí, torí inú àyọkà ni ìdáhùn wà. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ fi ń ṣe ìdánrawò fi ṣe pàtàkì ju iye wákàtí tí ẹ fi jókòó lọ.

AAMC, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ló ń ṣe ìdánwò náà, àwọn náà ló sì ń ta ìbéèrè tó jọ ọ́ jù: Question Pack méjì fún CARS, ìbéèrè 120 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú Diagnostic Tool àti odindi ìdánwò àṣedánrawò. Ẹ má fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ o. Tí ẹ bá ti ṣe wọ́n tán, ẹ ti mọ ìdáhùn nìyẹn, kò sì sí òmíràn. Ẹ fi wọ́n pamọ́ de nǹkan bí oṣù méjì tó gbẹ̀yìn. Ẹni tí owó ilé wọn kò tó nǹkan, kó kọ́kọ́ wo Fee Assistance Program wọn, ètò tó ń dín owó kù, kó tó san kọ́bọ̀, torí wọn kì í dá owó tí èèyàn ti ná tẹ́lẹ̀ padà.

Kí oṣù méjì yẹn tó dé, ẹ máa lo ti àwọn mìíràn. Khan Academy kì í gbowó, Jack Westin ń gbé àyọkà ọ̀fẹ́ jáde lójoojúmọ́, UWorld sì ń gbowó. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ ṣe àyọkà kan, kí ẹ wá lọ ka àlàyé tí wọ́n ṣe lórí ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ ojúlówó.

Ẹ jẹ́ ká ní àyọkà kan ń sọ nípa ère Áfíríkà tí wọ́n tì mọ́nú gíláàsì ní mùsíọ̀mù. Òǹkọ̀wé ní àwọn olùtọ́jú kan ti gbàgbé pé ijó ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Kí ni òǹkọ̀wé yóò gbà? Ìdáhùn A ní kí wọ́n dá gbogbo ère padà sílé. Ìdáhùn B ní ìrísí ère nìkan kò tó láti fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lójúde ní Kétu á sáré mú A, torí ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn. Ṣùgbọ́n B ló tọ̀nà. Àlàyé tó dáa á sọ pé “àwọn kan” ni òǹkọ̀wé wí, ìdáhùn A sọ ọ́ di “gbogbo”, òǹkọ̀wé ò sì dárúkọ dídá padà rárá. Tí àlàyé bá kàn ní “B ló dára jù”, tàbí tó ń ti ìta kó ìtàn wọlé, ẹ pa á dé.

Ẹ tún wo irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi yín. Nínú ìdánwò gan-an, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń mú èrò òǹkọ̀wé kọjá àyọkà: tí ìròyìn tuntun báyìí bá jáde, ṣé yóò gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ni àbí yóò dà á wó? Ìwé tó jẹ́ “kí ni ìpínrọ̀ kẹta sọ” nìkan ló mọ̀ ọ́n bi, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń kọ́.

Àwọn ìwé tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? Tó bá ti ṣáájú ọdún 2015, Verbal Reasoning ni wọ́n ń pe apá yìí nígbà yẹn, ìbéèrè rẹ̀ ò sì tó báyìí. Ẹ lè fi kàwé, àmọ́ ẹ má fi wọn aago. Orí kọ̀ǹpútà náà ni ìdánwò wà, torí náà ẹ má fi bírò fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ títí ọjọ́ á fi kù sí dẹ̀dẹ̀.

Maaki tí ilé-iṣẹ́ aládàáni bá fún yín, láti 118 dé 132, ìfojúdá ni. Òmíràn lè fún èèyàn ní maaki tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ti AAMC ni kí ẹ wò kí ẹ tó pinnu bóyá kí ẹ sún ọjọ́ ìdánwò síwájú.