Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ìtàn àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó tẹ Sydney dó: ẹ yéé fi owó ṣòfò

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn èèyàn yẹ ìwé ìtàn àti fídíò wọn wò kó tó jáde síta. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti ń rọ́ lọ sí Ọsirélíà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kó ẹlẹ́wọ̀n lọ síbẹ̀ ti di ìtàn tí gbogbo ayé fẹ́ sọ. Kò burú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń ná, ẹ̀yìn náà ni wọ́n ń ka ìwé. Ìyàwó mi ní òkú òyìnbó ni mò ń bá jà káàkiri ilé. Kò parọ́.

Mo gbà pé ẹ mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ kí ogun òmìnira Amẹ́ríkà tó dí ọ̀nà yẹn, pé ọkọ̀ 11 kó wọn gbéra ní Portsmouth ní Ìlú Ọba ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1787, pé Arthur Phillip ló ṣáájú wọn, tó sì jẹ́ gómìnà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ kà á ná.

1. Ẹ má ra fọ́tò. Kò sí kámẹ́rà ní 1788. Ọ̀gbẹ́ni kan san owó gọbọi fún “ojúlówó fọ́tò” ọjọ́ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ó fi ṣe iwájú ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ tán kó tó gbé e wá bá mi.

2. Ẹ má ra ìwé ìròyìn Sydney ti 1788 náà. Èyí tó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀, Sydney Gazette, oṣù kẹta 1803 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n kan, George Howe, ló ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀fẹ́ sì ni lórí Trove, ìkànnì ilé ìkàwé ìjọba Ọsirélíà.

3. Botany Bay, ibi tí ìjọba ní kí wọ́n lọ, kọ́ ni wọ́n tẹ̀ dó sí. Phillip débẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní 1788, ó wò ó, omi mímu kò tó, ilẹ̀ kò dára, atẹ́gùn sì ń da ọkọ̀ láàmú. Ó kó wọn gba apá àríwá lọ sí Port Jackson, wọ́n fa àsíá sókè ní Sydney Cove tó wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 26. Ọmọkùnrin kan tí mo mọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ní Sydney, ó gba táàsì kiri Botany Bay, ó ń wá ibi tí ilé àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà, ilẹ̀ ṣú mọ́ ọn lórí. Bẹ́ẹ̀ etí Botany Bay náà ni pápákọ̀ òfuurufú tó ti jáde wà! Circular Quay, tó wà ní Sydney Cove gan-an, ló yẹ kó lọ, rélùwéè ì bá sì gbé e débẹ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú.

4. Ẹ má da ọ̀wọ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ìkejì. Èyí gan-an ló ń pa mí. Fídíò tí mo bá ṣáà ti ṣí, ohùn á rọlẹ̀, dùùrù á máa dún, wọ́n á ní òkú ń já sómi lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ tí Phillip kó wá. Irọ́ ni. Èèyàn tó lé ní 1,000 ni Phillip kó, ó lé ní 700 tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n nínú wọn, wọ́n lo oṣù mẹ́jọ lójú òkun, àwọn tó kú lọ́nà kò tó 50. Kì í ṣe pé ìjọba ṣàánú wọn. Phillip ló yọ ìjọba lẹ́nu lórí oúnjẹ àti aṣọ kí wọ́n tó gbéra. Nígbà tí wọ́n sì dúró ní Tenerife, Rio de Janeiro àti Cape Town, ó ra ẹran tútù àti ẹ̀fọ́ fún wọn. Ní Rio, ọsàn pọ̀ débi pé ẹlẹ́wọ̀n náà ń jẹ ẹ́ ní àjẹyó.

Ọ̀wọ́ kejì, tó dé ní oṣù kẹfà 1790, ni ti òkú. Camden, Calvert àti King ló gbàṣẹ́ náà, ilé iṣẹ́ tó ti ń fi ọkọ̀ ṣòwò ẹrú. Ìjọba ń san £17 àti díẹ̀ lé lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá wọ ọkọ̀. Ẹ tún un kà: tó bá wọ ọkọ̀. Kò sí nínú àdéhùn pé kó sọ̀ kalẹ̀ láàyè. Ẹni tó bá kú lọ́nà, owó rẹ̀ ti wọlé, oúnjẹ rẹ̀ sì di èrè. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ wọ̀nyí dé Sydney tán, wọ́n ṣí ìsọ̀, wọ́n ń tajà fún ìlú tí ebi ń pa.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ yìí fi kó wọn: Neptune, Surprize àti Scarborough. Nínú nǹkan bí 1,000 ẹlẹ́wọ̀n, ó lé ní 250 tó kú kí wọ́n tó dé, Neptune nìkan pa 158. Ṣẹkẹṣẹkẹ tí wọ́n fi ń de ẹrú ni wọ́n fi dè wọ́n. Tí ẹnìkan bá kú, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ìdè á pa á mọ́ra, kí wọ́n lè máa gba oúnjẹ rẹ̀. Àlùfáà Richard Johnson wọ inú Surprize nígbà tó dé, ó bá wọn nílẹ̀, ọ̀pọ̀ wà ní ìhòòhò, ọ̀pọ̀ kò lè yíra padà, iná ara ń rìn lára wọn. Ńṣe ni wọ́n ń fi okùn sọ àwọn kan kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí àgbá. Àwọn mìíràn gba atẹ́gùn sára lórí ọkọ̀ báyìí, wọ́n kú. Wọ́n gbé Donald Trail, ọ̀gá Neptune, lọ sí kóòtù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1792 lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Wọ́n dá a sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wá kó òkú wọ̀nyí sọ́rùn Phillip, ẹ ti tún dá Trail sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ti ebi tó pa ìlú náà: kì í ṣe ọ̀lẹ ẹlẹ́wọ̀n nìkan ló fà á. Ọkọ̀ Guardian tó ń kó oúnjẹ bọ̀ forí sọ òkè yìnyín ní oṣù kejìlá 1789, ọkọ̀ Sirius fọ́ ní erékùṣù Norfolk ní oṣù kẹta 1790. Ẹ fi èyí sí i.

Ẹ má kọ ọ́ pé ilẹ̀ náà kò ní ẹni tó ni ín. Àwọn Gadigal ló nilẹ̀ tí wọ́n ta àsíá sí. Phillip ní kí wọ́n lọ jí ọkùnrin kan gbé lára àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ìparí 1788 kó lè kọ́ èdè wọn. Arabanoo lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin 1789, olóde bẹ́ sílẹ̀, òkú ọmọ onílẹ̀ kún etí omi. Arabanoo ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí wọ́n gbé wá sí ìlú, òun náà kó o, ó kú ní oṣù karùn-ún. Bí fídíò yín bá sọ̀rọ̀ ogójì ìṣẹ́jú tí kò dárúkọ rẹ̀, ẹ má gbé e wá sọ́dọ̀ mi.

Àwọn tó ń wá Yorùbá nínú ọkọ̀ náà ńkọ́? Wọ́n á ti gbá John Caesar mú. Adúláwọ̀ ni lóòótọ́. Kóòtù Maidstone ló dá a lẹ́jọ́ ní 1786, ọdún méje, ọkọ̀ Alexander ló gbé e. Ó sá wọ igbó léraléra, títí Gómìnà Hunter fi ṣèlérí ọtí líle fún ẹni tó bá mú un. Wọ́n yìnbọn pa á ní 1796. Níbo ni Ọ̀yọ́ ti wọ̀ ọ́? Bí ẹ bá fẹ́ Áfíríkà, ẹ walẹ̀ síbi tó wà: ní nǹkan bí 1782 ìjọba ti fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe sójà ránṣẹ́ sí Cape Coast ní ilẹ̀ Gánà òní, ó dàrú, ní 1785 wọ́n tún fẹ́ da wọ́n sí erékùṣù kan nínú odò Gambia, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin kò fọwọ́ sí i. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó yà sí Botany Bay.

Ẹ má sanwó fún ẹni tó ní òun á bá yín wá ẹjọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Old Bailey Online, ìkànnì tí àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kóòtù Old Bailey ní Lọ́ńdọ̀nù wà, ọ̀fẹ́ ni, láti 1674 dé 1913. Ti Caesar kò sí níbẹ̀ nítorí Kent, níbi tí Maidstone wà, ni wọ́n ti dá a lẹ́jọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan ra “ìwé òmìnira” ẹlẹ́wọ̀n, 1791 ló wà lára rẹ̀, ó ti fi gíláàsì sí i ní pálọ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, 1810 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn. Ní 1791, wàhálà ibẹ̀ gan-an ni pé Ìlú Ọba ni wọ́n gbàgbé ìwé ẹjọ́ sí. Ẹni tí ọdún méje rẹ̀ pé kò rí nǹkan kan fi hàn, wọ́n ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Mo ṣàlàyé fún wọn títí. Wọ́n ní ẹni tó tà á fún àwọn sọ pé ó ku méjì lọ́wọ́ òun, ṣé kí àwọn bá mi mú ọ̀kan.