Èlùbọ́ kì í ṣe àmàlà: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí profáìlì àwọ̀ fún fídíò drone

Oṣù keje ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Òkú àgbà ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ọmọ olóòkú wọ aṣọ ẹbí aláwọ̀ wáìnì, gèlè wọn ń dán bíi góòlù. Mo gbé drone sókè, mo fi yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀mẹta, inú mi dùn. Nígbà tó dalẹ́, àkọ́bí olóòkú ní kí n fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí òun rí nǹkan fi sí status. Mo yọ ọ́ látinú káàdì, mo fi ránṣẹ́ bó ṣe wà. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí fóònù mi fi dún.

"Oníkámẹ́rà, ṣé ọyẹ́ ti dé lóṣù keje ni? Aṣọ tá a fowó gidi rà, ẹ ti da eérú sí i!"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, a ò tíì ṣe é tán ni." Òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ mo mọ̀ nínú ara mi pé mo ti ṣi í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. D-Cinelike, ọ̀kan lára àwọn profáìlì àwọ̀ inú menu, ni mo fi yà á, lórí drone 8-bit, ìyẹn èyí tí ìpele àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ló dé, mi ò ní ìdáhùn kankan ju pé mo gbọ́ pé àwọn ọ̀gá kì í lo Normal, profáìlì lásán tí drone ń bá wá.

Láti ìgbà yẹn, mo ti rí fídíò púpọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò bà jẹ́, tí awakọ̀ drone kò bà jẹ́, tó jẹ́ pé inú menu ni wọ́n ti pa á kó tó gbéra nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí profáìlì ń ṣe. Ohun tí kámẹ́rà ń rí pọ̀ ju ohun tí fídíò lásán lè gbé lọ. Profáìlì ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa di ẹrù náà. Tó bá jẹ́ Normal, drone ti parí iṣẹ́ fúnra rẹ̀: dúdú ti dúdú, pupa ti pọ́n, àmàlà ti wà nínú abọ́, ọbẹ̀ ti wà lórí ẹ̀. D-Log àti D-Log M, tá a ń pè ní log lápapọ̀, èlùbọ́ nìyẹn. Ó gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè, ó tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè gba inú fáìlì, ó wá ṣá bí aṣọ tí oòrùn ti jẹ. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ gbé omi kaná. D-Cinelike wà láàárín méjèèjì, ó ṣá díẹ̀, kò ṣá tó log.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ wá ni kí èèyàn gbé èlùbọ́ fún ẹni tí ebi ń pa. Kí ẹ tó yan profáìlì, ẹ bi ara yín: ta ló máa jókòó ti àwọ̀ yìí, ìgbà wo sì ni oníbàárà fẹ́ gbà á? Tó bá jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni, tàbí pé ẹ̀dítọ̀ yín kì í ju kó gé e, kó fi orin sí i, Normal ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì tijú. Mo mọ ẹni tó ń fi Normal ya ilé fún àwọn tó ń ta ilé àti ilẹ̀, owó ń wọlé fún un ju èmi lọ.

Log àti D-Cinelike lórí 8-bit

Èyí ló gbá mi mú níbi òkú àgbà yẹn, torí náà ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀. Lórí 8-bit, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù kọ̀ọ̀kan ní ìpele 256, láti ibi tó dúdú jù dé ibi tó mọ́lẹ̀ jù. Lórí 10-bit, 1,024 ni. Fún Normal, 256 tó, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ fà á lọ fà á bọ̀ mọ́. Àmọ́ fídíò tó ṣá ti ká gbogbo ojú ọjọ́ sí apá kan nínú 256 yẹn. Tẹ́ ẹ bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ wá ń nà án padà, àlàfo á yọ.

Ojú ọ̀run ló kọ́kọ́ máa ń tú àṣírí. Ó yẹ kí búlúù máa ṣí díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn. Dípò bẹ́ẹ̀, òrùka-òrùka lẹ máa rí, bí alùbọ́sà tí wọ́n là sí méjì. Ẹ lè da noise (àmì wẹ́wẹ́ bí ìyanrìn) díẹ̀ lé e kó fi bo ojú, àmọ́ tí WhatsApp bá ti fún fídíò náà pọ̀ tán, òrùka á tún padà. Lórí fídíò òkú àgbà tèmi, mo nà án títí tí aṣọ wáìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí abala-abala, àfi bí ìgbà tí omi dà sí àdìrẹ tí kò tíì gbẹ. Kámẹ́rà tó wà nílẹ̀ ni mo padà fi gbà ara mi là; èyí tí drone yà kò ju ìṣẹ́jú kan lọ nínú gbogbo rẹ̀.

Torí náà, ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Nínú àwọn drone ilé iṣẹ́ DJI, Mini 2, àti Mini 3 tí kì í ṣe Pro, Normal nìkan ló ní. Ẹ má wulẹ̀ wá D-Log kiri inú menu. Mavic Air 2 ní D-Cinelike, 8-bit sì ni. Mavic 2 Pro tó jáde ní 2018 ti ní log 10-bit, Air 2S ti 2021 náà ní in. Mini 4 Pro ti 2023 ní D-Log M àti HLG (profáìlì mìíràn tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú), 10-bit ni méjèèjì. Tí tiyín bá jẹ́ 8-bit, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ju Normal lọ, kí ẹ sì ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ dáadáa.

10-bit náà ní wàhálà tiẹ̀. Mini 4 Pro lè kọ tó 150 Mbps, ìyẹn mẹ́gábíìtì 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ó lé ní gígábáìtì kan ní ìṣẹ́jú kan. Tẹ́ ẹ bá ya ogún ìṣẹ́jú, ẹ ti ní bíi gígábáìtì 22, nínú H.265, ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò tó máa ń dá láptọ́ọ̀pù àtijọ́ dúró bí ẹni tí ẹ̀mí ń bá jà. Tí ẹ̀dítọ̀ yín kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe proxy (ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́ tí wọ́n fi ń gé e), ẹ máa gbọ́ ẹjọ́ lọ́sàn-án lóru.

Ìmọ́lẹ̀: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo log á wo ojú rímóòtù, á rí i pé àwòrán ṣá, ó funfun. Á sọ nínú ara rẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Á dín in kù títí táwọ̀ fi máa "dùn" lójú rẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán, lórí gíláàsì tó ń dán. Inú rẹ̀ á dùn. Ó di ilé, ó gbé àwọ̀ sókè kó lè mọ́lẹ̀ padà, gbogbo ibi dúdú wá ń hó bí ìyanrìn tó ń gbọ̀n. Sensor drone, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, kéré. Kò ní agbára láti fún un yín ní ìmọ́lẹ̀ tí ẹ kò kọ́kọ́ jẹ́ kó wọlé.

Àwọn tí wọ́n máa ń jìyà rẹ̀ jù ni àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹ wo ìyàwó ilé kan tó ń jó nínú léèsì funfun lábẹ́ oòrùn aago kan. Tẹ́ ẹ bá dín ìmọ́lẹ̀ kù tìtorí léèsì, ojú rẹ̀ á di èédú, LUT kankan (tábìlì tó ń dá àwọ̀ padà, mo máa ṣàlàyé rẹ̀ níwájú) ò sì lè gbé e dìde tí kò ní hu irun. Lórí log, mo máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀ ju ohun tí drone dábàá lọ, +0.3 sí +0.7, mo wá ń wo histogram (àwòrán kékeré tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín hàn) pẹ̀lú ìlà bíi ti ẹranko abìlà tó ń kìlọ̀ pé ibì kan ti fẹ́ jóná. Ibi tí mo bá ti rí ìlà náà lára aṣọ, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ara oòrùn fúnra rẹ̀ ló wà, mi ò dá a lóhùn.

Kò tán síbẹ̀. ND filter tẹ́ ẹ rà, ìyẹn gíláàsì dúdú tí wọ́n ń fi bo ojú kámẹ́rà kó lè dín ìmọ́lẹ̀ kù, lè máà tó. Òfin àtijọ́ àwọn onífọ́tò ni pé lọ́sàn-án gangan, f/16 (bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó; nọ́ńbà kékeré ló ṣí jù), ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tó), shutter 1/100 (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọlé pẹ́ tó, ní ìdá ìṣẹ́jú àáyá) máa gbà á. Mini 4 Pro ò ní f/16, f/1.7 ló wà lójú ẹ̀, kò sì ṣeé yí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú f/1.7 wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 90 ti f/16. Tẹ́ ẹ bá ń ya frame 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹ́ ẹ sì fẹ́ shutter 1/50 kí ìrìn rẹ̀ lè rọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ dín ìmọ́lẹ̀ kù ní nǹkan bí ìlọ́po 180. ND16 tí gbogbo èèyàn ń rà, ìlọ́po 16 péré ló ń dín. ND128 tàbí ND256 ni iṣẹ́ ọ̀sán, ND16 dọwọ́ ìrọ̀lẹ́.

Ohun tó fi kan profáìlì rèé: lórí àwọn drone kan, log kì í bẹ̀rẹ̀ láti ISO 100. D-Log lórí Mavic 3, 400 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn. Filter tó bá Normal mu ní aago méjìlá, tẹ́ ẹ bá kàn tẹ D-Log, ojú ọ̀run á jóná lójú yín, ẹ ó sì máa bú filter.

Ọyẹ́, òru, àti ayé tó ti ṣá tẹ́lẹ̀

Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ọyẹ́ ti fi log tiẹ̀ sí i. Eruku ti bo òkè, ìyàtọ̀ dúdú àti funfun ti kéré. Mo rí ẹni tó lọ ya àpáta Ìdànrè nínú ọyẹ́ pẹ̀lú D-Log, eérú lórí eérú. Normal 10-bit, tí drone yín bá ní in, ló máa ṣe é.

Òru náà bẹ́ẹ̀. D-Log M àti HLG lórí Mini 4 Pro kò kọjá ISO 1600, Normal dé 6400. Tí kò bá sí ìmọ́lẹ̀, kò sí ẹrù tí log fẹ́ dì.

Ibi tí log ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ibi bí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá: agbádá funfun, òjìji abẹ́ kánópì, ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti orí dé ìrù, àti gèlè pupa tí Normal máa ń rin àwọ̀ rẹ̀ jù títí tí iṣẹ́ ara aṣọ fi máa pòórá. Gbogbo ìyẹn nínú àwòrán kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní 10-bit tó ya ìyẹn ní Normal ti fi ohun rere ṣòfò.

White balance tó ń fò kiri

White balance ló ń sọ fún kámẹ́rà irú àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ní, kí funfun lè jẹ́ funfun. Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má fi sí auto. Drone tó bá kúrò lórí páànù Ìbàdàn tó ti dípẹtà, tó wá dojú kọ igbó, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti yí padà. Á yí àwọ̀ padà láàárín shot. Nínú log, ẹ ò ní tètè rí i lójú rímóòtù, ìgbà tẹ́ ẹ bá fi LUT sí i ni ilẹ̀ pupa á máa di àwọ̀ osùn, á tún di àwọ̀ kọfí. Ẹ fi sí 5500K lọ́sàn-án, kí ẹ fi síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ náà kí góòlù oòrùn lè jẹ́ góòlù.

LUT: kọ́kọ́rọ́ kan, ilé kan

LUT ni tábìlì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bó ṣe máa dá àwọ̀ padà síbi tójú mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni, ilé tí wọ́n rọ ọ́ fún nìkan ló ń ṣí. LUT S-Log3 ti Sony lórí D-Log, rárá. Kódà LUT D-Log lórí D-Log M, rárá: D-Log M kò ṣá tó D-Log, nítorí náà dúdú á rì, ojú èèyàn á pọ́n bí epo pupa. DJI gbé LUT sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì wọn fún drone kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ mú ti drone yín gan-an. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, ẹ ṣe é kó tó dé orí LUT. Ohun tí LUT bá ti gé dànù, ẹ ò lè dá a padà lẹ́yìn rẹ̀.

HLG ń kọ́? BBC ti Gẹ̀ẹ́sì àti NHK ti Japan ló jọ ṣe é fún tẹlifíṣọ̀n HDR (èyí tó ń fi ibi mímọ́lẹ̀ àti ibi dúdú hàn ju ti àtijọ́ lọ), ó sì wà nínú ìlànà BT.2100 tí ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, gbé jáde ní 2016. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n HDR. Àwọn èèyàn máa ń mú un nítorí wọ́n rò pé ó wà láàárín Normal àti log, wọ́n á wá kó o pọ̀ mọ́ fídíò kámẹ́rà ilẹ̀ tó jẹ́ Rec.709, ìlànà àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n tí kì í ṣe HDR. Tí ẹ̀dítọ̀ kò bá yí i padà, drone á yàtọ̀, ilẹ̀ á yàtọ̀, bí ẹni rán ànkárá mọ́ léèsì.

Ohun kan tó kù ni bátìrì. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ bátìrì, tàbí tẹ́ ẹ ṣe update, tàbí tẹ́ ẹ ti fọ́tò padà sí fídíò, ẹ wo profáìlì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi kí ìdajì ìgbéyàwó jẹ́ D-Log M, kí ìdajì jẹ́ Normal, kí ìyàwó sì ti pààrọ̀ aṣọ láàárín, tí mi ò fi lè mọ èwo gan-an ni àwọ̀ aṣọ rẹ̀. Mo ní láti pe ìyá ìyàwó lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé pọ́pù ni tàbí búlúù?"

Wọ́n ní, "Àbí ìwọ kọ́ lo wà níbẹ̀ ni?"