Oògùn Aláìsàn Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Le: Ohun Tó Yẹ Ká Rò Ká Tó Gbé E Mì

Bí ọ̀rẹ́ yín kan ní Akọkà bá na hóró Ritalin kan sí yín kí ẹ lè kàwé dáadáa nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún. Methylphenidate ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kì í lè dúró sójú kan, tí àdéhùn àgbáyé ọdún 1971 lórí oògùn tó ń nípa lórí ọpọlọ sì ti fi sábẹ́ ìṣọ́ líle. Bí ó bá ti inú ike oògùn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ náà yóò lọ sí kíláàsì láìlo tirẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọjà ni wọ́n ti rà á láìsí ìwé dókítà, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oògùn ayédèrú wà lára ohun tó mú kí NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa ní oṣù Kejì ọdún 2025.

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ wá ro ti ara yín. Oògùn yìí a máa mú ọkàn sáré, a máa gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, a sì máa lé oorun lọ, bẹ́ẹ̀ oorun ló ń jẹ́ kí ohun tí a kà dúró lọ́pọlọ. Àǹfààní tí àwọn onímọ̀ rí fún ẹni tí ara rẹ̀ le kò tó bí àwọn èèyàn ṣe ń ròyìn rẹ̀.

Pé màgòmágó ni kí èèyàn fi irú oògùn yìí kàwé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà, Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà sì ka lílò rẹ̀ láìsí ìwé dókítà mọ́ màgòmágó ní ọdún 2011. Òtítọ́ ni, àmọ́ ohun tó wúwo jù lójú mi ni ẹrù tí ẹ ó dì lé ẹlòmíràn lórí. Bí oògùn bá ń jẹ́ kí ẹ jókòó sí ọ́fíìsì ní Màrínà títí di aago mọ́kànlá alẹ́ lójoojúmọ́, ọ̀gá yín kò ní mọ̀ pé oògùn ni. Ohun tí yóò rí ni pé iṣẹ́ náà ṣe é ṣe, yóò sì fi yín ṣe òṣùwọ̀n fún ìyá ọlọ́mọ tó ní láti sọdá Third Mainland Bridge lọ gba ọmọ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Yálà kí òun náà wá oògùn lò, tàbí kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Àwọn onímọ̀ tó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní ọdún 2008 pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún àgbàlagbà pàápàá kìlọ̀ nípa irú ìfipámúni yìí. Nítorí náà, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè sọ ọ́ lójú ọ̀gá àti ẹlẹgbẹ́ yín pé oògùn lẹ fi ń ṣe é. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé láti kékeré ni ọkàn yín kì í ti í dúró sójú kan, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ẹ lọ rí dókítà, ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ ilé ìwòsàn Yábà dẹ́rù bà yín, nítorí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ń lò ó lọ́wọ́ ní láti sọ iye tó ń lò fún dókítà láìfi nǹkan kan pamọ́. Bí àyà bá sì ń dùn ún, kí ó lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ní ti iṣẹ́ tó pọ̀ kọjá agbára, kí ẹ̀yin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín jọ kọ̀wé sí ọ̀gá, kí ẹ sọ èyí tí kò lè parí kí ọ́fíìsì tó ṣíwọ́.