Ọ́dà Tó Pẹ́, Òǹtajà Tí Kì Í Fèsì: Bí A Ṣe Ń Gba Owó Ẹni Padà

Akẹ́kọ̀ọ́ OAU ti sanwó skrínì láptọ́ọ̀pù, ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, skrínì tó o rà láti Ṣáínà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò dé, òǹtajà ò sì fèsì. Ẹni tó bá ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ mọ ìpọ́njú yìí dáadáa.

Ra ìwé kékeré kan. Kọ ọjọ́ tó o sanwó sí i, àti ọjọ́ tí wọ́n ní ẹrù máa dé. Fi bírò pupa kọ ọjọ́ tí ààbò owó rẹ máa parí, ìyẹn ọjọ́ tí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó o ti rà á máa jọ̀wọ́ owó rẹ fún òǹtajà.

Wo nọ́ńbà ìtọpinpin. Ti ilé ìfìwéránṣẹ́ máa ń jẹ́ lẹ́tà 2, nọ́ńbà 9, lẹ́tà 2; CN tó bá gbẹ̀yìn rẹ̀, Ṣáínà ló ti ń bọ̀. Tẹ̀ ẹ́ sórí 17TRACK, ìkànnì tó ń fi ibi tí ẹrù dé hàn. Tó bá ti wọ Nàìjíríà, má dúró kí wọ́n pè ọ́, lọ béèrè ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Bátìrì máa ń pẹ́ ju skrínì lọ, torí lithium inú rẹ̀ lè gbiná, ọkọ̀ òfuurufú kì í sì gbà á wẹ́rẹ́. Bó bá sì bọ́ sí ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, ní oṣù kìíní tàbí oṣù kejì, ilé iṣẹ́ wọn ń tì, ìyẹn náà ń fa ìdádúró.

Ibi tí mo ti ń rí i tí àwọn èèyàn ń pàdánù owó wọn nìyí. Lórí àwọn ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjà fúnra rẹ̀ ló di owó rẹ mú, kì í ṣe òǹtajà, títí o máa fi sọ pé ẹrù dé tàbí tí ọjọ́ ààbò máa fi pé. Òǹtajà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti ń dákẹ́ láti oṣù tó kọjá fi máa ń fèsì lójijì nígbà tọ́jọ́ bá sún mọ́: “Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, dúró díẹ̀ sí i.” Ọmọ iṣẹ́ mi kan dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tó fi máa ké gbàjarè, àkókò ti kọjá, owó ti lọ.

Wọ́n á tún ní kí o fúnra rẹ fagi lé ọ́dà, kí o mú “mi ò fẹ́ mọ́” gẹ́gẹ́ bí ìdí. Má ṣe é; ìwọ ni yóò jọ pé o yí ọkàn padà. Wọ́n á ní kí o tẹ̀ pé o ti gbà á, àwọn á fi òmíràn ránṣẹ́. Má tẹ̀ ẹ́ láé! Wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lórí WhatsApp. Má lọ, torí ọjà ò rí ohun tẹ́ ẹ bá sọ níbẹ̀.

Tó bá ti ku ọjọ́ 5 kí ààbò parí, tẹ dispute, ìyẹn bọ́tìnì tí a fi ń fẹjọ́ sùn lórí ọjà náà, òǹtajà ì báà máa bẹ̀ ọ́. Ya àwòrán ojú fóònù níbi tí ẹrù dúró sí àti àwọn iṣẹ́ tó o rán sí òǹtajà tí kò fèsì sí, fi ránṣẹ́ sí ọjà náà. Kọ ọ́ ní ṣókí: ẹrù ò dé, mo fẹ́ owó mi. Béèrè gbogbo owó, má gba ìdajì. Bí wọ́n bá kọ̀, tí káàdì lo sì fi sanwó, ní kí báńkì rẹ bẹ̀rẹ̀ chargeback, ìyẹn ni pé kí báńkì bá ọ béèrè owó tó o fi káàdì san padà.

Òǹtajà Nàìjíríà tó o fowó ránṣẹ́ sí tààrà yàtọ̀, kò sẹ́ni tó di owó yẹn mú fún ọ. Tètè lọ sí báńkì pẹ̀lú rìsíìtì, kí o sì kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀ láti dáàbò bo òǹrajà.

Ti pàjáwìrì, Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà àti fóònù ní Ìkẹjà, ni mo máa ń pè. Mo máa ń ní kí wọ́n ya fídíò skrínì náà bó ṣe ń tàn kí wọ́n tó dì í, kí wọ́n fi wébìlì ránṣẹ́ láti gáréèjì, kí wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà. Tówó ò bá sì tó, tú skrínì lára láptọ́ọ̀pù tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ka pínnì rẹ̀, àwọn eyín kéékèèké ibi tí wáyà ti ń wọ skrínì, torí ti 30 kì í bá ti 40 mu.