Ẹja Ni Mo Kó Jáde, Mo Fi Ewé Sílẹ̀

Àrùn àmì funfun kì í yọ́ wọlé kó dákẹ́. Ẹja á kọ́kọ́ máa sáré fi ẹ̀gbẹ́ ha òkúta, á máa gbọn lẹbẹ bí ẹni tí ara ń yún, oúnjẹ tó ń jà lé lórí tẹ́lẹ̀ kò ní wù ú mọ́. Tó bá tún ṣe díẹ̀, ara rẹ̀ á rí bí ìgbà tí wọ́n bá fọ́n gàrí lé e lórí. Àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ń pè é ní "white spot" tàbí "ich". Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún kòkòrò tó ń fà á ni Ichthyophthirius multifiliis, mi ò sì ní pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ títí n ó fi parí ọ̀rọ̀ yìí.

Inú òjò oṣù Keje ló dé bá táǹkì mi ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí. Táǹkì dígí tó ń gba 120 lítà ni, ewé ló sì kún inú rẹ̀ ju ẹja lọ. Anubias wà lára igi, vallisneria dúró gbọọrọ lẹ́yìn, òṣíbàtà pupa wà láàárín, ojú oró díẹ̀ sì léfòó lókè. Ẹja tó wà níbẹ̀ ni kribensis méjì, takọtabo, àwọn gọ́pì, àti àrọ̀ kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní corydoras. Edé tín-tìn-tín àti ìgbín omi ló ń gbálẹ̀ fún wọn. (Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé: inú odò gúúsù Nàìjíríà níbí ni kribensis ti wá, etí odò inú igbó Áfíríkà wa yìí náà sì ni Anubias ti ń hù. Owó gọbọi ni mo fi ra méjèèjì bí ẹni tó ra ọjà òkè òkun.)

Ewé ló gbé àrùn náà wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan gé vallisneria fún mi láti inú táǹkì tirẹ̀, ó fi ọ̀rá tútù wé e, mo sì rì í mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Kò pẹ́ sígbà yẹn tó fi sọ fún mi lórí fóònù pé ẹja tòun ti ń ha ara. Èèyàn máa ń rò pé ẹja tuntun nìkan ló ń gbé àìsàn wọlé, àmọ́ kòkòrò yìí ní ìgbà kan nínú ayé rẹ̀ tó jẹ́ pé ara ewé àti òkúta ló máa ń lẹ̀ mọ́.

Bàbá kan wà tó ń sin àrọ̀ lọ́nà Òdógunyàn, tí mo máa ń ra ẹja ọbẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ni mo kọ́kọ́ pè.

"Iyọ̀ ni o, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Bu iyọ̀ sí i, kí o sì máa pààrọ̀ omi."

"Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n ewé wà nínú ẹ̀ o, bàbá."

"Ewé? Ewé wo? Ṣé ẹ̀fọ́ lo gbìn sómi ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rọ̀ wọn lórí iyọ̀ kò yẹ̀ rárá, àwọn tó ń sin ẹja ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Ewé ni ìṣòro. Ìwọ̀n iyọ̀ tó lè yọ kòkòrò yìí lẹ́nu lè ba ewé inú táǹkì jẹ́, òṣíbàtà náà kò sì ní gbádùn rẹ̀. Oògùn inú ìgò ńkọ́? Èyí tí wọ́n fi kọ́pà ṣe á pa edé àti ìgbín mi tán kó tó kan kòkòrò. Malachite green àti fọ́málìn máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ara ẹja tí kò ní ìpẹ́, bíi corydoras, kì í fẹ́ gbà á. Bàbá fúnra wọn kì í fọwọ́ kan malachite green, torí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti fòfin dè é fún ẹja tí èèyàn máa jẹ.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà fún táǹkì tó ní ewé ni ooru. Tí omi bá dé ìwọ̀n 30 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì tó sì dúró síbẹ̀, kòkòrò náà kì í sábà lè bí sí i mọ́. Ìmọ̀ràn tó dára ni, fún ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ. Ní tèmi, omi táǹkì wà ní bíi 25 nínú òjò yẹn, hítà ni yóò sì gbé e dé 30. NEPA á mú iná wá lálẹ́, wọ́n á mú un lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, omi á gbóná, á tún tutù. Ínfátà ilé wa ń gbé fáànù àti gílóòbù, hítà á gbẹ bátìrì rẹ̀ kí àkùkọ tó kọ. Ohun mìíràn tún ni pé omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́ra. Ní 25, lítà omi kan lè gba bíi mílígíráàmù 8.3 ọ́síjìn, ní 30, ó bọ́ sí bíi 7.6. Ẹja tí kòkòrò ti wọ̀ lábẹ́ etí, níbi tó fi ń mí, kò ní afẹ́fẹ́ tó lè fi ṣòfò. Tí iná bá wá lọ, tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dákẹ́ nínú omi gbígbóná, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó kù.

Mo wá jókòó ro ìgbésí ayé kòkòrò náà, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Gàrí tí ẹ̀ ń rí lára ẹja yẹn, abẹ́ awọ ló wà. Oògùn kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, iyọ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yóò jẹun níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè tóbi tó mìlímítà kan, lẹ́yìn náà yóò já bọ́. Yóò wá ibi kan lẹ̀ mọ́ nísàlẹ̀, ì báà jẹ́ yanrìn, ewé tàbí dígí, yóò fi nǹkan yọ̀rọ̀ kan bo ara rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín: ẹyọ kan á di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó lè tó ẹgbẹ̀rún. Oògùn kì í ràn án nínú ìbora yẹn náà. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, nǹkan bí ọjọ́ kan ni ìbora náà fi ń ya, àwọn ọmọ á sì tú jáde láti wá ẹja. Àkókò yìí nìkan ni ọwọ́ lè tẹ̀ wọ́n. Tí wọn ò bá sì rí ẹja láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n kú nìyẹn. Wọn kì í jẹ edé, wọn kì í jẹ ìgbín, ewé kò kàn wọ́n.

Táǹkì tí kò bá ti ní ẹja nínú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wo ara rẹ̀ sàn. Kí ló wá dé tí mo fẹ́ da nǹkan sórí ewé? Ẹja ni kí n kó jáde.

Báàfù rọ́bà méjì ni mo rà ní Sábó, èyí tó ń gba 40 lítà dáadáa. Alẹ́ ni mo kó ẹja, torí nínú ìmọ́lẹ̀ ẹja á sá wọ inú ewé, ẹ̀ ẹ́ sì fi àwọ̀n tú gbogbo ọgbà yín ká. Nínú òkùnkùn, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọn kì í lè sá jìnnà. Mo fi họ́ọ̀sì fa omi táǹkì náà kúrò títí ó fi ku díẹ̀, omi yẹn ni mo sì dà sínú báàfù kí omi tuntun má baà já wọn láyà. Kribensis méjèèjì wọ inú èèpo àgbọn tí wọ́n ń gbé, mo fi ọwọ́ dí ẹnu rẹ̀, mo gbé tilé tilé.

Ìwọ̀n iyọ̀ tí mo lò ni gíráàmù 2 sí lítà kan, ìyẹn gíráàmù 80 fún báàfù kan. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tí ẹ bá rẹ́ ojú rẹ̀ máa ń tó bíi gíráàmù 18, nítorí náà ó lé díẹ̀ ní ṣíbí mẹ́rin. Iyọ̀ ọbẹ̀ náà ni. Ayodíìnì tó wà nínú rẹ̀ kéré débi pé kò ṣe ẹja ní nǹkan kan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ta iyọ̀ olówó ńlá fún yín. Mo yọ́ ọ sínú omi lọ́tọ̀, mo sì ń dà á sí i díẹ̀díẹ̀ nítorí corydoras. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: iyọ̀ kì í bá omi gbẹ lọ. Tí ẹ bá pààrọ̀ 20 lítà, gíráàmù 40 péré lẹ máa fi sí omi tuntun náà. Tí ẹ bá ń wọn 80 ní gbogbo ìgbà, inú omi òkun lẹ ó bá ẹja yín.

Ìdí tí báàfù fi jẹ́ méjì rèé. Kòkòrò tó bá já bọ́ lára ẹja á lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ báàfù, tí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ, á bí. Láràárọ̀ ni mo ń kó ẹja láti báàfù kìíní lọ sí èkejì. Mo máa ń gbé omi òkè tó mọ́ lọ pẹ̀lú wọn, màá fi omi kànga kún un, màá da ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù. Báàfù tó ṣófo, omi gbígbóná ni mo fi ń fọ̀ ọ́, màá wá dojú rẹ̀ bolẹ̀ títí á fi gbẹ táútáú, torí kòkòrò yìí kò lè fara da gbígbẹ. Pààrọ̀ omi yìí náà ló gbà wá lọ́wọ́ ìgbẹ́ ẹja, torí kò sí fíltà nínú báàfù. Oúnjẹ, mo ń fún wọn ní ìwọ̀nba. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì ló ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, ìyẹn ò sì ná mi ní nǹkan kan tó pọ̀. Mo gbé báàfù sórí pákó, torí táìsì ilé máa ń tutù lóru. Òtútù kì í pa kòkòrò náà, ṣe ló ń jẹ́ kó pẹ́: nínú omi tó wà ní ìwọ̀n 10, ó lè lo ju oṣù kan lọ kó tó yí po.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àmì funfun náà pọ̀ sí i. Ẹ má bẹ̀rù tó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ má sì fi iyọ̀ kún iyọ̀. Àwọn tó ti wà lábẹ́ awọ tẹ́lẹ̀ ló ń dàgbà. Gọ́pì mẹ́ta kú nínú wọn, àwọn tó ti ń mí gúlegúle kí n tó kó wọn jáde. Lẹ́yìn náà ni àmì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, òmíràn kò sì wọlé rọ́pò wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dáwọ́ dúró. Ẹja tí ara rẹ̀ mọ́ lójú ṣì lè ní kòkòrò lábẹ́ etí, níbi tí ojú kò ti lè rí i, nítorí náà mo ń bá ìyípadà báàfù náà lọ títí àkókò táǹkì fi pé.

Àkókò táǹkì ńkọ́? Pẹ̀lú ìṣirò tí mo ṣe lókè yìí, ọ̀sẹ̀ kan lè tó, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkàn á fi balẹ̀. Mo dá omi padà sínú rẹ̀, mo jẹ́ kí iná àti fíltà rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ nígbà tí NEPA bá gbà, mo sì ń fún edé ní oúnjẹ tín-ń-tín kí àwọn alààyè tín-tìn-tín inú fíltà, tó ń wẹ omi mọ́, má baà kú. Àwọ̀n táǹkì kò kan báàfù, họ́ọ̀sì náà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tútù kò gbọdọ̀ ti ibì kan wọ ibì kejì.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn. Táǹkì tó kún fún ewé, tí kò ní ẹja, ní Ìkòròdú, nínú òjò! Iná ò sí, omi dákẹ́ jẹ́ẹ́, ojú oró fún wọn níbùsùn. Tanwíji bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú omi kí n tó mọ̀. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ni mo fi bo ẹnu táǹkì. Àwọn tó ti wà nínú rẹ̀, mo ń fi àwọ̀n tíì gbọ́n wọn jáde, mo sì ń kó wọn fún ẹja nínú báàfù, àwo omi mímọ́ ni mo kọ́kọ́ ń ṣàn wọ́n nínú rẹ̀. Kribensis tí kò fẹ́ jẹun tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ jáde.

Kí n tó dá ẹja padà, mo fi omi tí kò ní iyọ̀ pààrọ̀ omi báàfù díẹ̀díẹ̀. Omi iyọ̀ kankan kò wọ táǹkì. Vallisneria ti gùn dé òkè, ó ti tẹ̀ kọrọdọ lójú omi, òṣíbàtà sì ti ní ewé tuntun. Lọ́wọ́ tí mo wà yìí, ewé tí ẹnikẹ́ni bá fún mi, garawa tí kò ní ẹja ló ń kọ́kọ́ sùn sí fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́bàá fèrèsé, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀.